Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Fótókọ́pì Aláwọ̀ àti Ìpààrọ̀ Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, tí a tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò lè wá

Ẹ̀yin tí ẹ ti ìsọ̀ wá láìtíì jẹun, ẹ foríjì wá, ọ̀rọ̀ náà yóò gùn díẹ̀.

Ẹ kò ní gbàgbé pé ní ìpàdé tó kọjá, awuyewuye fẹ́ sọ nítorí ẹ̀rọ fótókọ́pì aláwọ̀ tí ẹgbẹ́ rà, èyí tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn yìí. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àbàwọ́n pupa sójú ìwé, ó sì ń run ìwé mọ́nú bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Àwọn kan ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin. Àwọn kan ní kí a pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀ pátá. Ẹnjiníà kan tí a pè wá wò ó kọ iye owó kan fún wa tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí a fi ra ẹ̀rọ náà. Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Owó tí ẹ̀rọ yìí ń pa lára ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó àti káàdì ìkésíni ni a fi ń kún àpò ìrànlọ́wọ́. Àpò yẹn ni a fi gbé òkú ọmọ ẹgbẹ́ méjì lọ sílé kí wọ́n má baà sin wọ́n sí àjò. Òun náà ni a fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ opó mẹ́ta tí ẹ mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú, àpò náà yóò gbẹ, a ó sì tún máa gbé igbá owó káàkiri bí ti àtijọ́.

Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní kí àwa akọ̀wé yín wá sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé a ti gbé Pọ́táàkọ́ọ̀tì rí, pé a ta ìwé àti tónà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Oil Mill fún ọdún díẹ̀ kí a tó gòkè wá sí Kánò níbí. A kì í ṣe ẹnjiníà o. Ìwé mẹ́fà ni a kà. Ṣùgbọ́n a lójú, a sì ti fi ọwọ́ wa kan ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹni tí kò bá tíì dé Oil Mill, ẹ jẹ́ kí a mú un débẹ̀. Ọjà náà wà ní Rumuokwurusi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor, lẹ́bàá títì tó lọ sí Aba. Ọjọ́rú ni ọjọ́ rẹ̀. Bí Ọjọ́rú bá mọ́, èrò á kún títì débi tí ọkọ̀ kò ní rọ́nà kọjá. Aṣọ òkìríkà ni ọ̀pọ̀ ń torí rẹ̀ wá. Okrika gan-an, ìlú kan ni ní etí omi ní ìpínlẹ̀ Rivers yẹn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ẹnu àwa náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ nìkan: bàtà, àpò, ìkòkò, ata, ẹja, kò sí ohun tí ẹ kò ní rí. Níbi tí òwò bá sì ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ fótókọ́pì lágbègbè náà ń ṣe rìsíìtì, wọ́n ń ṣe káàdì, wọ́n sì ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi ìsìnkú ṣeré rárá. Àwòrán olóògbé gbọ́dọ̀ tàn, àwọ̀ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bí ó ti rí láyé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìdílé. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni ìsìnkú, nítorí náà ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ti gba oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Ọkùnrin kan wà ní ìsọ̀ kejì sí tiwa tó ní irú ẹ̀rọ yìí méjì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, kí ọjà ọ̀la tó dé, á ti ìlẹ̀kùn, á yọ wáyà iná, á ṣí inú ẹ̀rọ, á sì máa nù ún díẹ̀díẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fi ẹ̀rọ ṣaya. Bí ó bá di Ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn aládùúgbò kan náà ni wọ́n ń sáré gbé iṣẹ́ wọn wá bá a. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ ó gbọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í lo yíǹkì olómi. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni tónà, ike tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì pò mọ́ àwọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Chester Carlson, òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ Otto Kornei, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é yọrí ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹwàá ọdún 1938, ní Astoria ní ìlú New York. Wọ́n mú irin síǹkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi imí ọjọ́ bò, wọ́n fi aṣọ òwú gbo ó nínú òkùnkùn títí agbára iná fi dúró lára rẹ̀. Wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n kọ̀wé sí lé e, wọ́n tanná sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé, agbára iná sá kúrò níbẹ̀. Ibi tí òjìji lẹ́tà bò, ó dúró. Wọ́n gbọn ìyẹ̀fun lé e, ìyẹ̀fun sì lẹ̀ mọ́ ojú lẹ́tà nìkan. Wọ́n fi ìwé tó ní ìda gbé e kúrò níbẹ̀, ó di ẹ̀dà. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìyarun oníke ya irun rí nígbà ọyẹ́, tí ìyarun náà wá ń fa ègé ìwé mọ́ra, ohun kan náà ni. Ọdún mọ́kànlélógún kọjá kí ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní Xerox lónìí tó gbé ẹ̀rọ 914 jáde ní 1959. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 648 pọ́n-ùn, ó sì máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé fi ń gbiná nínú rẹ̀ nígbà mìíràn; ilé-iṣẹ́ náà fi ohun èlò ìpaná kékeré tẹ̀ lé e fún àwọn tó gbà á. A ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ iná yìí. Ti aláwọ̀ dé lẹ́yìn náà: Xerox gbé 6500 jáde ní 1973, Canon sì gbé èyí tó ń fi lésà ṣiṣẹ́ jáde ní 1987.

Nínú ẹ̀rọ tiwa, dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn: ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún pupa tó fẹ́ jọ àlùkò tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní magenta, ọ̀kan fún búlúù tó mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cyan, ọ̀kan fún dúdú. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ iṣẹ́ aró yóò tètè lóye èyí. Kò sí tónà àwọ̀ ewé nínú ẹ̀rọ. Búlúù tó bọ́ sórí yẹ́lò ni ó di àwọ̀ ewé. Kò sí ti pupa gidi pẹ̀lú. Yẹ́lò àti magenta ni wọ́n jọ ṣe é. Dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan gba agbára iná sára, lésà kọ àwòrán sí i lára, tónà lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé e lé bẹ́líìtì fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó ń yí lábẹ́ wọn. Bẹ́líìtì yìí ló kó àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di ìgbà yẹn, bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí ìwé náà, àwòrán á fò lọ. Fíúsà ni ó fi ooru àti ìtẹ̀mọ́ yọ́ ike náà wọ inú ìwé. Tónà tó bá ṣẹ́kù lára dúrọ́ọ̀mù, abẹ rọ́bà kan wà tó ń ha á kúrò sínú àpótí ìdọ̀tí. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀yà ara tó sábà máa ń gbó ni dúrọ́ọ̀mù, abẹ rọ́bà, bẹ́líìtì, fíúsà, àti àwọn rólà tó ń fa ìwé.

Wàyí o, bí àbàwọ́n bá yọ, báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ èyí tó fà á? Níbí ni wọ́n ti ń jẹ owó wa jù. Ẹnjiníà aláìmọ̀kan á ní kí ẹ pààrọ̀ èyí, kò lọ. Á ní kí ẹ pààrọ̀ tọ̀hún, kò lọ. Títí á fi dé orí èyí tó bàjẹ́ gan-an, ẹ ti san owó mẹ́rin fún àìsàn kan.

Ẹ mú rúlà. Ohun tó bá ń yí po a máa padà sí ibi kan náà. Bí àbàwọ́n kan bá ń fara hàn léraléra ní ìsàlẹ̀ ara wọn lójú ìwé, ẹ wọn ìwọ̀n láti ọ̀kan dé èkejì. Ìwọ̀n yẹn ni àyíká ohun tó bàjẹ́. Dúrọ́ọ̀mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 30 mílímítà, àyíká rẹ̀ á jẹ́ bíi 94. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 60, àyíká rẹ̀ á jẹ́ bíi 188. Rólà kékeré, àbàwọ́n tirẹ̀ á sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ gbogbo ìwọ̀n yìí sí. Ọkùnrin tí a wí yẹn kọ tirẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Bí àbàwọ́n bá ti yọ, á wọn ọ́n, á wo ògiri, ó parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ ìwé mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kún fún àwọ̀ kan ṣoṣo. Èyí tí àbàwọ́n bá hàn nínú rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù àwọ̀ yẹn ni ẹ ó dojú kọ. Bí ó bá hàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò dájú pé dúrọ́ọ̀mù ni. Ẹ wo bẹ́líìtì àti fíúsà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé.

Bí ó bá jẹ́ ìlà gígùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé ńkọ́? Ẹ má tíì tú nǹkan kan o. Ẹ gbé ìwé tí ẹ ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé gíláàsì ńlá, kí ẹ tún un ṣe. Bí ìlà náà kò bá sí mọ́, kò sí ohun tó ṣe dúrọ́ọ̀mù. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ńlá yẹn, orí rẹ̀ ni ìwé ń gbà kọjá bí a bá kó wọn jọ sí òkè ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ló dọ̀tí. Aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ ti tó o. A mọ ẹnì kan tí wọ́n ta dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin fún nítorí ìdọ̀tí tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá yọ nínú ìwé tí ẹ tẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, a jẹ́ pé inú ni ó wà. Ìlà tó dúdú tàbí tó ki sábà máa ń jẹ́ ti abẹ rọ́bà tó ti jẹ, tàbí ti rólà tó ń fún dúrọ́ọ̀mù ní agbára iná tó ti dọ̀tí. Ìlà tó funfun tàbí tó ṣá, ẹ wo gíláàsì tí lésà ń gbà jáde. Eruku ti dí i lójú. Ní Òkè Ọya níbí, eruku yẹn ni ọ̀tá wa àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá fi ìka ra ojú ìwé tí àwọ̀ sì ń ṣí, fíúsà kò gbóná tó, tàbí kò tẹ ìwé tó. Síbẹ̀ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá káàdì tó nípọn ni ẹ fi sí i tí ẹ kò sì sọ fún ẹ̀rọ. Káàdì fẹ́ ooru ju ìwé lásán lọ, ẹ̀rọ sì ní ibi tí a ti ń sọ irú ìwé tó wà nínú rẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa.

Ní ti ìwé tó ń há, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí a ti rí, rólà rọ́bà tó ń fa ìwé ni. Bí ó bá ti ń dán bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àlòkù, kò lè di ìwé mú mọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi aṣọ tó tutù nù ún, kí ó gbẹ. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí epo bẹntiróòlù nù ún láé. Rọ́bà náà á wú, á sì bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí nínù kò bá ràn án mọ́, rólà yìí wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀rọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tó ń ya ìwé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ dúrọ́ọ̀mù, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ẹ bọ́ òrùka àti wọ́ọ̀ṣì, kí ó má baà ha nǹkan. Dúrọ́ọ̀mù kórìíra ìmọ́lẹ̀ bí òwìwí. Ẹ má yọ ọ́ nínú ọ̀rá dúdú rẹ̀ títí ẹ ó fi múra tán, ẹ má gbé e sí oòrùn, ẹ má fi ìka kan ojú rẹ̀ tó ń dán; òróró ọwọ́ nìkan tó láti fi àmì sí i. Etí rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ dì mú. Èyí tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ náà, bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ ó sì dá a padà, ẹ fi aṣọ dúdú bò ó kíákíá. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ dúrọ́ọ̀mù, ẹ béèrè abẹ rọ́bà tuntun pẹ̀lú bí wọn kò bá jọ wà pọ̀. Abẹ tó ti jẹ yóò fi ìlà sára dúrọ́ọ̀mù tuntun láìpẹ́, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Tónà tó bá dà sílẹ̀, omi tútù ni kí ẹ lò. Omi gbígbóná á yọ́ ọ mọ́ aṣọ yín, kò sì ní lọ mọ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfámọ́ ilé lásán fà á, nítorí ìyẹ̀fun náà kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí á gba inú àpò rẹ̀ kọjá, tí á sì tú jáde kún yàrá. Ẹ má dà á sínú iná. Ìyẹ̀fun ike tó fò sókè lè gbaná lẹ́ẹ̀kan náà bọ́ù. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń kó tónà inú àpótí ìdọ̀tí padà sínú ìgò tónà láti fi ṣọ́ owó ná. Àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti dà pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú eruku ìwé. Owó tí wọ́n ṣọ́ níbẹ̀, dẹfẹlọ́pà ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ wọn ní ìlọ́po.

A wí pé a ó padà sórí ọ̀rọ̀ iná. Fíúsà ń gbóná súnmọ́ ìwọ̀n 200 ti Selsius, omi sì ti ń hó ní 100. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ yọ wáyà, ẹ dúró tó wákàtí kan. Inú fíúsà yìí ni ohun kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gé iná bí ooru bá ti pọ̀ jù. Bí ó bá ti gé, ẹ̀rọ kò ní gbóná mọ́. Àwọn ẹnjiníà ojú ọ̀nà kan wà tí wọ́n máa ń fi ègé wáyà so ibẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n lè gba owó wọn. Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti yọ ìdènà ẹnu ọ̀nà kúrò lálẹ́. Ìsọ̀ kan jó ní ọ̀nà tiwa nígbà tí a wà ní Pọ́táàkọ́ọ̀tì. Ìwé, aṣọ òkìríkà onílé kejì, gbogbo rẹ̀ jóná, àwọn tó yẹ inú ẹ̀rọ náà wò rí wáyà náà níbi tí wọ́n so ó sí. Bí ẹnjiníà kankan bá wí pé òun fẹ́ so ibẹ̀ pọ̀, ẹ sọ fún un pé kó kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ. Kí ohun ìpaná wà lẹ́nu ọ̀nà, irú èyí tó yẹ fún iná mànàmáná, ẹ má da omi sí i.

Ojú ọjọ́ tiwa yàtọ̀ sí ti Oil Mill. Òjò tó ń rọ̀ ní Pọ́táàkọ́ọ̀tì ju 2,000 mílímítà lọ lọ́dún; ti Kánò kì í sábà tó ìdajì rẹ̀. Lọ́hùn-ún, ọ̀rinrin ni ìṣòro. Ìwé á mu omi láti inú afẹ́fẹ́, á ká, á há, tónà kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Wọn kì í ṣí pálí ìwé títí wọ́n á fi fẹ́ lò ó, àwọn ẹ̀rọ kan sì ní ohun amóoru díẹ̀ lábẹ́ àpótí ìwé tí wọn kì í pa lálẹ́. Níbí, nígbà ọyẹ́, gbígbẹ ni. Ìwé á lẹ̀ mọ́ ara wọn nítorí agbára iná tó wà lára wọn, méjì mẹ́ta á wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ ìwé náà yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ kí ẹ tó kó o sí i. Ẹ gbé abọ́ omi sí igun yàrá, kì í ṣe sórí ẹ̀rọ. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ bí ẹ bá ti pa á, kí ẹ sì máa gbọn àwọn asẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lóṣù ọyẹ́, nínù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fi owó àjọ ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀, ó kù sórí yín. Ẹ wo àmì irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń gba fóòtì 110 sí 127. Iná tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀, ó parí. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ 220 sí 240 sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń gbé lọ́wọ́ kan kò lè gbé e, nítorí fíúsà nìkan lè fẹ́ ju 1,000 wáàtì lọ. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé tó ń fi iye ojú ìwé tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ hàn yín. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn kan máa ń dá òǹkà dúrọ́ọ̀mù padà sí òdo, wọ́n á ní tuntun ni. Òǹkà tó padà sí òdo kò sọ ara tó ti gbó di titun. Ẹ ṣí i, ẹ wo ojú dúrọ́ọ̀mù náà. Bí ó bá ti ní ilà ojú bí ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí pẹ̀lú bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó náírà tàbí ìwé ẹ̀rí wá pé kí ẹ ṣe ayédèrú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aláwọ̀ máa ń kọ̀ láti ṣe ẹ̀dà owó. Púpọ̀ nínú wọn sì máa ń ta àmì yẹ́lò kéékèèké tí ojú lásán kò rí sí ara ìwé, tó ń sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Àjọ Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní Electronic Frontier Foundation tú àṣírí àmì yìí lára ẹ̀rọ Xerox kan ní 2005. Ẹni tó bá rò pé kò sẹ́ni tó rí òun, ẹ̀rọ òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ síwèé.

Ó wá ku ẹ̀rọ tiwa. A wọn àbàwọ́n náà níwájú Akápò àti Ìyá Ẹgbẹ́. Mílímítà 94 ni, láti ọ̀kan dé èkejì. A tẹ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, inú magenta nìkan ni ó ti yọ. Yẹ́lò mọ́, búlúù mọ́, dúdú mọ́. A fi ìka ra àwọ̀ náà, kò ṣí, nítorí náà fíúsà kò ṣàìsàn. Bẹ́líìtì ní ìdọ̀tí létí ṣùgbọ́n kò ya. Rólà tó ń fa ìwé ti dán bí àwo. Ohun tí a rò ni pé kí a ra dúrọ́ọ̀mù magenta kan pẹ̀lú abẹ rọ́bà rẹ̀, kí a ra rólà ìfàwé méjì, kí a sì nu gíláàsì lésà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye tí èyí yóò gbà kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí ẹnjiníà yẹn kọ fún wa. Bàbá tó ní kí a tà á fún alálòkù kò sọ̀rọ̀ ìkà, nítorí ó ti rí bí owó ẹgbẹ́ ṣe ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n iye tí alálòkù yóò san kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́ sáà kan. Àwọn tó sì ní kí a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i bí ìpàdé bá gbà. Bí ẹ bá gbà, Àìkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìpàdé ni a ó ṣe é, ní gbangba. Kí gbogbo ọmọ tó ní ìsọ̀ fótókọ́pì wá, kí wọ́n mú rúlà wọn lọ́wọ́. Dúrọ́ọ̀mù tí a bá yọ, a kò ní fún ẹnjiníà kankan. Orí tábìlì Akápò ni yóò wà kí gbogbo ènìyàn rí ojú ibi tó ti bó. A ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí a ó máa kọ ọjọ́, iye òǹkà, àti ohun tí a pààrọ̀ sí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ẹ̀rọ yóò sì fọwọ́ sí i. Ìlà àkọ́kọ́ ti wà nínú rẹ̀. Òǹkà tí ó wà lójú ẹ̀rọ lálẹ́ àná ni 187,412.